Ìgò Ẹ̀rí Ìdí Pèrègún

Ìgò kì í jẹrà. Pákó ń jẹrà, irin ń dípẹtà, ẹni tó mu ọtí inú ìgò á kú, á di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò á wà níbi tí wọ́n rì í sí títí ẹnìkan yóò fi fi ọkọ́ kàn án. Ohun tí Pius Oyèlọlá fi ń jẹun nìyẹn ní ọdún 1984, lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní àpò ìjọba ti gbẹ. Ẹ rántí ọdún náà. À ń tò fún ọṣẹ, à ń tò fún mílíìkì, ẹni tó bá sì yẹsẹ̀ kúrò lórí ìlà, kòbókò ni yóò kí i.

Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó lé e, ìtàn náà ni kò sì jẹ́ kó jókòó sílé. Ó gbé ọkọ́, ó kọjú sí ahoro tí àwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó ṣí wá sí Odígbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ààtàn àtijọ́. Ó ń rí ìgò sínáàpù onígun mẹ́rin, ó ń rí ìgò òògùn aláwọ̀ aró, ó ń rí èyí tí àwọn òyìnbó agégi mu kù. Á fi eérú àti yanrìn fọ̀ wọ́n, á gbé wọn sójú oòrùn, á fi àtàǹpàkò yẹ ara wọn wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ènìyàn ló fi ẹnu fẹ́ ẹ tàbí ẹ̀rọ ló ṣe é. Lẹ́yìn náà á gbé e lọ bá àwọn arúgbó, á bi wọ́n pé ta ló ni èyí. Ohun mẹ́ta ló ń kọ sínú ìwé rẹ̀ fún ìgò kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, ẹni tó ni ín, ohun tó gbé e dé inú ilẹ̀. Gàzálì, tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní ibùdókọ̀ Ọ̀rẹ̀, ló ń kó wọn lọ sí Èkó fún àwọn tó mọyì wọn.

Ṣùgbọ́n ìgò kan wà tí Pius kò ní tà láéláé bó bá rí i. Tìtorí rẹ̀ gan-an ló ṣe ń gbẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, kí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ tó dé, ẹni tó bá fún ẹnìkejì rẹ̀ ní ilẹ̀ pátápátá á bá a pín ìgò ọtí kan mu lórí ààlà. Wọ́n á ki ataare àti erùpẹ̀ ilẹ̀ náà sínú ìgò, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú tó ń sun nínú ilẹ̀ Agbábù dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀, wọ́n á gbin pèrègún tì í. Ìgò ẹ̀rí nìyẹn. Bí ìran ẹni tó fúnni bá fọwọ́ kàn án, tàbí tó búra pé òun kò fúnni nígbà tí ìgò ṣì wà nílẹ̀, ikùn rẹ̀ á wú títí yóò fi lọ. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó gba ilẹ̀ tàbí ìran rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìgò náà jẹ́, ó ti kọ ilẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹjọ́ mọ́.

Bàbá bàbá Pius gba oko kòkó kan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá bàbá Adéṣínà, lójú ọ̀nà Àgọ́ Aláyè. Ibẹ̀ ni Pius kọ́ ilé sí, ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ń jẹ lẹ́yìn tí owó oṣù ti dópin. Pèrègún tó wà lórí ààlà náà lé ní ogún, bàbá Pius sì kú lójijì kó tó fi èyí tí ìgò wà ní ìdí rẹ̀ han ọmọ rẹ̀. Adéṣínà mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi hàn án kó lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ìgbà tí àwọn onílé ìlagi wá ń wá ilẹ̀ etí títì rà, ni Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ṣe ni bàbá ńlá òun yá wọn ní oko náà. Abẹ́lẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ o. Kò jẹ́ sọ ọ́ sókè.

*

Ọ̀sán gangan ni Adéṣínà wọ Agbábù, nígbà tí òjìji ẹni ń sá pamọ́ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ìlú dákẹ́. Òórùn ọ̀dà tó ń tú jáde nínú ilẹ̀ gba afẹ́fẹ́ kan. Láoyè oníṣègùn jókòó lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń fi igi ro ọ̀dà dúdú nínú ìkòkò, kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

"Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà ni," ni Láoyè wí. "Ẹni tó ń wá àlàáfíà kì í gba ọ̀nà yìí. Jókòó."

Adéṣínà jókòó. "Ọmọ Oyèlọlá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ó ń gbẹ́ ìdí pèrègún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́ta kó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn àgbà, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ lóko láti gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n á sì ní kí n búra."

"Ṣé o fẹ́ kó kú?"

"Bó kú, ìgò kò kúrò nílẹ̀. Bí mo bá búra lórí rẹ̀, èmi ni mo máa tẹ̀lé e."

Láoyè rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O gbọ́n ju àwọn tó ń wá síbí lọ. Ọwọ́ ta ló lè yọ ọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ nìkan."

"Kí ló lè mú kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ohun tó ń wá?"

Láoyè dìde, ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìgò mẹ́ta ló gbé jáde, ọ̀dà wà lẹ́nu wọn, ohun kan sì ń yí nínú wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ wà lójú kan.

"Rì wọ́n síbi tí wọ́n máa ń gbà kọjá nílé rẹ̀. Fi àkísà pupa sàmì sí ojú ibẹ̀, kí wọ́n lè rí i. Ní ibi kẹrin, ní ìdí pèrègún yẹn, àkísà nìkan ni kí o fi. Ìgò wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Bàbá, kí ló wà nínú àwọn wọ̀nyí?"

Láoyè wò ó títí ara rẹ̀ fi bù máṣọ. "Ṣé o fẹ́ mọ̀ ni?"

Adéṣínà gbọn orí. Ó fi aṣọ di ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé jáde.

*

Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó Pius, ló kọ́kọ́ rí àkísà pupa ní àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ìdájí ọyẹ́ ni, kùrukùru bo oko débi pé kò rí igi kòkó tó sún mọ́ ilé. Àgbébọ̀ adìẹ rẹ̀ kan nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkísà náà, ó ti kú. Ó fi ìró rẹ̀ nu ojú, ó sọ orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Lọ́pẹ́, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ń gbẹ́ ìgò kì í rí ojú ilẹ̀ tó rọ̀ kó má gbẹ́ ẹ. Ó wa ilẹ̀, ó yọ ìgò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìgò bíà ni! Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣe é. Wo ìdí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bà mí kò tilẹ̀ lè wá ìgò gidi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀."

Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú dé ìgúnpá. Ó ní àkekèé ló ta òun nínú ilẹ̀. Ó lè jẹ́ àkekèé. Ṣùgbọ́n kò rí àkekèé kankan, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àkísà pupa wà létí kànga. Ó tún gbẹ́ ẹ, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ara Lọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọmọ ọdún méje ni Lọ́pẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn nínú mẹ́ta. Ó ń wárìrì lórí ẹní, ó ń sọ̀rọ̀ sí ògiri, ó ní kí ẹnìkan gbé ìgò kúrò lórí àyà òun. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìgò létí ọmọ náà rí.

Ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ kò ní òògùn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ ra abẹ́rẹ́ wá láti ìta, ìta náà kò ní. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bí wọ́n ṣe dé ìyànà ilé àdúrà, Moyọ̀sọ́lá yà síbẹ̀. Pius tẹ̀lé e. Ọkùnrin tó ti ń fi Aládùúrà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn yòókù.

*

Wòlíì Levi kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nítorí àwọn tó máa fẹ́ di ẹ̀bi rù ú. Ó gbé ọmọ náà lé orí itan, ó sunkún bí ẹni pé òun ló bí i. Lẹ́yìn náà ló wo Pius lójú.

"Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gbẹ́ ìgò?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí tí ẹ gbẹ́ ní ilé yín, ṣé ẹ wò ó?"

"Mo wò ó. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ojú tí ẹ fi ń wò ó ló ń gbà wọlé," ni wòlíì wí. "Ẹ̀mí sọ fún mi pé kò tíì tán nílẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí àmì ọ̀tá, ẹ wú ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ di ojú yín. Ẹ má wò ó, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ fọ́ ọ mọ́ òkúta odò, kí omi gbé e lọ, ẹ má sì wẹ̀yìn."

Ó fún wọn ní omi àdúrà àti màrìwò ọ̀pẹ. Moyọ̀sọ́lá ń ṣe àmín. Pius ń wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé ilẹ̀ òun ṣì ń wá ẹ̀rí, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá ẹ̀rí ilẹ̀ nígbà tí ọmọ ń kú lọ lójú rẹ̀?

*

Adéṣínà kò lè dé ìdí pèrègún náà. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Níkẹyìn ó gé ọparun gígùn kan, ó fi àkísà pupa kọ́ orí rẹ̀, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó fẹ́ já ọsàn, ó sì fi gbé àkísà náà kọ́ ẹ̀ka. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sán bo oko. Ewé pèrègún kan já, ó bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan kò sì fẹ́.

Ó ju ọparun sílẹ̀, ó sá. Nígbà tó délé, ó ń fọwọ́ wọn ikùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ bóyá ó ti ń ga. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà wá, kò lè jẹ ẹ́. Ìkà kò rọrùn fún ẹni tí ń ṣe é, mo gbà, ṣùgbọ́n n kò ní bá a kẹ́dùn.

*

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Pius fọ́ ìgò kẹta, èyí tó wà lójú ọ̀nà oko. Ó di ojú, ó gbẹ́ ẹ, ó gbé e lọ sódò pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́, ó sì fọ́ gbogbo wọn. Ara Lọ́pẹ́ balẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sán náà. Èyí ló kó bá a. Ká ní ara ọmọ náà kò balẹ̀ ni, bóyá ì bá ti dúró rò ó.

Ọjọ́bọ̀, Moyọ̀sọ́lá sáré wá bá a nínú ilé. "Ó tún wà lórí ààlà, Bàbá Lọ́pẹ́! Lórí pèrègún!"

Ibà ọmọ ti padà lóru, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pius kò bá a jiyàn. Nígbà tó dé abẹ́ pèrègún náà, ó dúró díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìdí pèrègún ni ìgò ẹ̀rí ń gbé. Ọkàn náà sì tún sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá tó gbọ́n máa ri tirẹ̀ sí. Ó wo àkísà pupa tó ń mì lókè. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó rí okùn nílẹ̀ á fò sókè. Ó di ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ́ wa ilẹ̀.

Ilẹ̀ náà le. Ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ rọ̀. Ọkọ́ rẹ̀ mọ ìyàtọ̀, ó sọ fún ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ kò dáhùn. Gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ ìgò náà, ó ní láti fi àdá gé e. Nígbà tó fà á yọ, ó wúwo. Igun mẹ́rin ló ní, ó fẹ̀ lókè ó sì tín-ín-rín ní ìdí, ara rẹ̀ kò dọ́gba bí ti ohun tí ènìyàn fi ẹnu fẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn gba ara ìgò náà lọ láìbéèrè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà, ó sì dúró ní èjìká. Ohun kan yọ níbẹ̀. Ó ní orí roboto, ó ní ọ̀pá, ó ní eyín méjì.

Pius dúró. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó kù díẹ̀ kó là á.

"Ẹ má wò ó!" Moyọ̀sọ́lá pariwo láti ẹ̀yìn. "Nítorí Lọ́pẹ́, ẹ má wò ó!"

Kò wò ó. Moyọ̀sọ́lá di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé odò, Pius gbé ìgò sókè, ó sì fọ́ ọ mọ́ òkúta. Òórùn ataare tó ti pẹ́ gan-an gba imú rẹ̀. Omi gbé e lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Lọ́pẹ́ dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Wọ́n kọrin ọpẹ́ títí ohùn Moyọ̀sọ́lá fi há.

*

Ní Sátidé, àwọn àgbà mẹ́fà dé sóko. Bàbá Ọlọ́runníyì ló ṣáájú wọn, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Adéṣínà wọ agbádá, ojú rẹ̀ mọ́, ó jọ ẹni tó sùn dáadáa.

"Adéṣínà, o ní yíyá ni," ni arúgbó náà wí. "Tíṣà, o ní fífún ni. Níbo ni ẹ̀rí rẹ wà?"

"Bàbá, mo ṣì ń wá a. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní oṣù kan sí i."

"Kò sí ìdí fún oṣù kan," ni Adéṣínà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ti ṣetán láti búra nísinsìnyí."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ lórí ààlà, ó mọ ohun tó mọ̀. Bàbá Ọlọ́runníyì rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pèrègún náà, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó sì dúró níbi tí erùpẹ̀ ti tutù.

"Ta ló gbẹ́ ibí?"

Pius ò tíì la ẹnu nígbà tí Moyọ̀sọ́lá bọ́ síwájú. Ayọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí náà fún.

"Bàbá, ẹ bá wa yọ̀! Ọ̀tá ri ìgò mẹ́rin tì wá nítorí ọmọ wa. Ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú gbogbo wọn, ó fọ́ wọn sódò lágbára Ọlọ́run, ọmọ sì dìde. Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn ló kẹ́yìn wọn."

Arúgbó náà rọra jókòó lórí gbòǹgbò.

"Tíṣà. Mo kéré nígbà tí bàbá mi sọ ọ́ fún mi. Ó ní ìgò onígun mẹ́rin ni wọ́n lò. Ó ní àmì kọ́kọ́rọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Ṣé o rí kọ́kọ́rọ́?"

"Mi ò wò ó, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o wò ó."

Pius wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń lọ ti ń bọ̀ lórí ìka ìfábẹ̀lá, ó ń tọ orí roboto, ó ń tọ ọ̀pá, ó ń tọ eyín méjì. Ìrora tó gba àyà rẹ̀ kọjá ti ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé ìdádúró.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Moyọ̀sọ́lá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yé e, kò ké. Ó fi ìró bo ẹnu rẹ̀, ó sì wólẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runníyì mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀, ojú wọn kò kúrò lára Adéṣínà. Ṣùgbọ́n àṣà kò béèrè ẹni tó dẹ́rù bani, ọwọ́ tó fọ́ ìgò ló ń béèrè. Adéṣínà búra, ohun kan kò ṣe é. Wọ́n gbé ọtí tuntun jáde kí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ náà pa pé ilẹ̀ ti padà sí ìran tó ni ín. Wọ́n mu ún. Wọ́n ki ataare sí i, wọ́n fi ọ̀dà dí i. Nígbà tó kan rírì rẹ̀, Adéṣínà fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kí Tíṣà rì í. Òun ló mọ ilẹ̀ gbẹ́."

Pius mú ọkọ́. Nígbà tó fi ń dorí ìgò kodò sínú ihò tó ti gbẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, Adéṣínà nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú mẹ́ta yẹn?"

Adéṣínà gbé ojú kúrò. "Mi ò mọ̀. Mi ò jẹ́ kó sọ."

Wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta láti kó jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Moyọ̀sọ́lá ń kó aṣọ sínú àpótí, Lọ́pẹ́ ń jẹ iṣu sísun lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Pius ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ìgò tó rì lónìí sílẹ̀ bó ṣe ń kọ gbogbo wọn, fún ẹni tó bá máa fi ọkọ́ kàn án lọ́jọ́ iwájú.

Ibi tó wà: ìdí pèrègún, ojú ọ̀nà Àgọ́ Aláyè. Ẹni tó ni ín: Adéṣínà. Ó pẹ́ lórí ẹ̀kẹta. Ó kọ orúkọ Láoyè tí àwọn kan ti sọ sí i létí, ó pa á rẹ́. Ó kọ ti wòlíì, ó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tó gbé e dé inú ilẹ̀: mo di ojú mi.